Ojú Kan Ní í Bímọ: Àwọn Ọmọ Yorùbá Lọ́dọ̀ Alágbàtọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1955 sí 1975

Ìfáárà

Láàárín ọdún 1955 sí 1975, ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, èyí tí àwọn ìyá àti àwọn olùtọ́jú ọmọ máa ń kà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò rí àwọn ìkéde kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi síbẹ̀. Ìkéde bẹ́ẹ̀ kì í gùn. Ó máa ń sọ ọjọ́ orí ọmọ, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àti pé wọ́n ń wá ilé tí yóò gbà á tọ́ fún owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mìíràn kò ju ọmọ ọwọ́ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò kú, wọn kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò kó ọmọ àti ìwé ẹ̀rí padà sílé.

Àwọn ará Gánà wà nínú àwọn òbí wọ̀nyí, Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn ará Sàró náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Yorùbá pọ̀ nínú wọn, nítorí pé wọ́n pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn pe àṣà yìí ní farming, bí ẹni pé wọ́n gbin ọmọ sí oko olóko kí wọ́n tó wá ká a.

Ìbéèrè tí ìtàn yìí gbé dìde kò rọrùn. Báwo ni àwọn tí ó ń sọ pé ọmọ laṣọ, tí wọ́n sì ń fi ọmọ júbà orí, ṣe gbé ọmọ ọwọ́ fún àjèjì tí wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn? Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní, tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ni pé àwọn òbí wọ̀nyí kò ní ìfẹ́ ọmọ tó. Èkejì, tí àwọn ọmọ wọn máa ń fi tù ara wọn nínú, ni pé ìṣẹ́ ló fà á. Ìtàn náà fi ohun mìíràn hàn. Ọgbọ́n ìtọ́jú ọmọ kan tí ó ti pẹ́ nílé ni àwọn òbí náà gbé dání lọ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n ohun tí ọgbọ́n náà fi ẹ̀yìn tì kò bá wọn wọ ọkọ̀. Èdè sì ni olórí ohun tí ó ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Àgbàtọ́ nílé Yorùbá

Yorùbá ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ju òwe lásán lọ. Bí ilé ṣe ń lọ gan-an ni ó ń sọ. Láyé àtijọ́, àti títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó wọ́pọ̀ kí ọmọ má dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà lè béèrè fún ọmọ-ọmọ kan kí ilé rẹ̀ má bàa dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí kò tíì rí ọmọ bí lè gba ọmọ àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ jìnnà sí abúlé rẹ̀ a fi ọmọ sọ́dọ̀ tíṣà tàbí àlùfáà. Àwọn òbí mìíràn a sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé tí ó le ju tiwọn lọ, nítorí ìbẹ̀rù àkẹ́bàjẹ́: ẹni tí ó bí ọmọ kì í fẹ́ kí ẹkún rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á tọ́ yóò fi ojú ọ̀la wò ó.

Esther Goody, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tí ó ṣe ìwádìí ní Gánà àti láàárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Parenthood and Social Reproduction, tí ó jáde ní 1982, pé iṣẹ́ òbí ṣeé pín. Bíbí ọmọ jẹ́ iṣẹ́ kan. Fífún un ní orúkọ àti ipò láwùjọ jẹ́ òmíràn. Bíbọ́ ọ àti títọ́jú rẹ̀, kíkọ́ ọ ní ìwà àti iṣẹ́, àti ríràn án lọ́wọ́ títí yóò fi dá dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bọ́ sí ọwọ́ ẹni ọ̀tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ àwùjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí bíbọ́ àti kíkọ́ bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó bímọ, orúkọ àti ìdílé kò kúrò. Ọmọ Àjàní tí ó dàgbà nílé Àkàngbé, ọmọ Àjàní ni.

Ilé àwọn onígbàgbọ́ tí ó kàwé náà kò yàtọ̀. Nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní 1981, ilé ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n ti bí i kún fún ọmọ ẹbí àti ọmọ àjèjì tí ìyá rẹ̀ gbà tọ́, tí gbogbo wọn jọ ń sùn lórí ẹní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò di akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti jáde. Àwọn fúnra wọn ti jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ rí, tàbí wọ́n ti bá ọmọ àgbàtọ́ jẹun nínú àwo kan náà. Wọn kò rí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé àgbàtọ́ ni ó dára. Iṣẹ́ máa ń pá ọmọ ọlọ́mọ lórí nígbà mìíràn, ẹran inú ọbẹ̀ sì lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń ká alágbàtọ́ lọ́wọ́ kò. Èkíní, ẹni mímọ̀ ni. Àwọn òbí mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ àwọn tí ó lè bá a wí. Èkejì, ojú aládùúgbò wà lára ọmọ: ẹni tí ó ń lọ sí ọjà, ẹni tí ó ń ti oko bọ̀, ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń wò ó, ìròyìn sì máa ń délé. Ẹ̀kẹta, ọmọ náà kò jáde kúrò nínú èdè rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbé lọ sí Ìbàdàn lè gbọ́ ẹ̀ka èdè mìíràn, ṣùgbọ́n ìkíni kan náà ni, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kan náà ni, àlọ́ ìjàpá kan náà ni ní alẹ́. Bí ó bá padà sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yóò lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ kan ní Kúdẹtì

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ọmọ Yorùbá tọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1853, David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn, wọ́n sì fi Kúdẹtì ṣe ibùjókòó. Anna kò bímọ. Láìpẹ́, àwọn ìjòyè àti àwọn ará ìlú kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti gbà tọ́ àti láti kọ́ ní ìwé. Lójú àwọn ará Ìbàdàn, ohun tuntun kò sí nínú rẹ̀: ẹni tí ó ní ìmọ̀ kan tí ìlú ń fẹ́ ni wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti fi òmíràn sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Àgbàtọ́ yìí ní àwọ̀ funfun nínú, síbẹ̀ kò gé ọmọ kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbàdàn ni ilé náà wà. Àwọn òbí lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, òbí tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí ó ń rí sì lè wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Hinderer ni ó kọ́ èdè àwọn ọmọ. David mọ Yorùbá débi pé òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, tí owó àti oúnjẹ tán nílé Kúdẹtì, àwọn ará Ìbàdàn ni ó ran alágbàtọ́ àti àwọn ọmọ lọ́wọ́. Igba ojú wà níbẹ̀.

Ohun tí àpẹẹrẹ yìí fi hàn ṣe pàtàkì fún ìtàn ti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ alágbàtọ́ nìkan ni ìṣòro, Kúdẹtì ìbá ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ilé náà wà, àti èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Láti 1925 tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ní ojúkò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iye wọn pọ̀ sí i. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1948 nípa ọmọ ìlú mú kí wíwọlé rọrùn fún àwọn tí ó wá láti àwọn ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Yunifásítì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní títí di òmìnira, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò, òkè òkun ni yóò lọ, nítorí pé ọdún 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ òfin ti Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Òmìnira ń bọ̀. Ipò tí àwọn òyìnbó yóò fi sílẹ̀ ń dúró de ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Ọdún mẹ́ta, ó pẹ́ jù ọdún márùn-ún, ni ọ̀pọ̀ wọn dá fún ara wọn.

Àwọn tí ìjọba ń san owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó ń san owó ara wọn. Ọkọ a máa ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, a sì máa lọ sí kíláàsì ní ọ̀sán. Aya a máa ṣe nọ́ọ̀sì tàbí kí ó máa ránṣọ ní ilé iṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń rí háyà. Àwọn onílé kan kọ ọ́ sí ojú fèrèsé pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn mìíràn sì kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ ọmọdé. Òfin 1965 lórí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kò kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ìgbà tí ó di 1968 ni òfin tó ká àwọn onílé lọ́wọ́ kò. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, tí iná kẹrosíìnì ń mú gbóná, tí ìkòkò, ìwé òfin àti ibùsùn jọ wà nínú igun kan náà, ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn kò ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí láìséwu.

Nílé, ẹni tí ó bá bímọ kì í dá nìkan wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó yóò ti dé pẹ̀lú ọṣẹ, òrí àti omi gbígbóná. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá àgbà kò sí. Ààyè ọmọdé ní ilé ìtọ́jú tí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ kò pọ̀, àwọn olùtọ́jú ọmọ tí ó wà ládùúgbò sì máa ń kó ọmọ púpọ̀ jọ sínú yàrá kan. Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí ó dàgbà ní Èkó, tí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fi ìgbésí ayé yìí hàn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ Second Class Citizen, tí ó jáde ní 1974. Adah, obìnrin inú ìtàn náà, kọ̀ láti fi ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́, ó sì rí i pé àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbé ka èyí sí ìgbéraga. Lójú tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ohun tí ó wá ṣe yóò fi ọmọ sí ibi tí atẹ́gùn ti dára, yóò sì jókòó ti ìwé rẹ̀.

Ojoojúmọ́ nílé alágbàtọ́

Ìlú kéékèèké ní Kent, Sussex àti Essex, àti àwọn ìlú etí òkun, ni ọ̀pọ̀ ọmọ lọ. Àwọn alágbàtọ́ sábà máa ń jẹ́ obìnrin ìdílé òṣìṣẹ́ tí ọmọ tirẹ̀ ti ń dàgbà, tí owó ọ̀sẹ̀ náà sì wúlò fún. Àwọn òbí yóò kọ lẹ́tà, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ilé, wọn yóò rí ọgbà àti yàrá tí ó mọ́, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbẹ̀wò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé ọmọ sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ó wà. Nílé, ẹ̀yìn ni ọmọ máa ń wà, níbi tí ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí àgbà ń sọ. Ní Kent, inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ni ó wà, lẹ́yìn náà inú yàrá tirẹ̀. Nílé, wọ́n ń fi oríkì jí i ní àárọ̀, kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ ni ó ti mọ ohùn Àjọkẹ́ tàbí Àkànní tí ń pè é. Níbí, orúkọ tí ó gùn tí alágbàtọ́ kò lè pè di orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó rọrùn lẹ́nu. Wọn kò mọ bí a ti ń di irun rẹ̀, nítorí náà wọ́n gé e mọ́lẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé awọ ara rẹ̀ nílò òróró, ó sì funfun nígbà òtútù.

Ìwà rere pàápàá yí padà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ń bá wí gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀. Bí ó bá tẹjú mọ́ àgbà, àfojúdi ni. Alágbàtọ́ Gẹ̀ẹ́sì a sì sọ fún ọmọ pé kí ó wo ojú òun bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀ ẹni tí ó wo ilẹ̀ ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ọmọ náà kọ́ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ó pe àgbà ní orúkọ, kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó ṣẹ̀. Ọmọ gidi ni ó jẹ́ nínú ilé tí ó wà.

Ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí tọkàntọkàn, ọ̀pọ̀ òbí sì ń wá pẹ̀lú aṣọ àti bàtà. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ojú irin ń gbówó lórí ìwé, ìdánwò ń dé, ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì di ti oṣù, ti oṣù di ti ìgbà ọdún. Nígbà tí ìyá bá dé, ọmọ a sá sẹ́yìn obìnrin tí ó ń pè ní Mum. Ìyá a kí i ní Yorùbá. Kò ní í gbọ́.

Àwọn òbí kò ka èyí sí àdánù ní ìbẹ̀rẹ̀. Nílé, ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan nínú wọn ti jẹ ẹgba nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Láti gbọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ onílẹ̀ dùn mọ́ wọn. Yorùbá, ní èrò wọn, wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ bá ti délé, yóò jí. Nínú gbogbo ìpinnu tí wọ́n ṣe, èyí ni ó ná wọn jù.

Òfin àti àwọn ọ̀mọ̀wé

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a fi owó gbà tọ́ ní ìtàn búburú láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ní 1870, wọ́n so Margaret Waters kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ikú ọmọ ọwọ́ kan lára àwọn tí ó gbà fún owó. Ẹjọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí òfin 1872, tí ó ní kí ẹni tí ó bá ń gba ju ọmọ ọwọ́ kan lọ fún owó forúkọ sílẹ̀. Baby farming ni wọ́n pe òwò náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ farming ti wá. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òbí Yorùbá gbé ọmọ kalẹ̀ tí wọ́n san owó, ohun tí ó jẹ́ àgbàtọ́ lójú tiwọn rán Gẹ̀ẹ́sì létí ọ̀ràn ìpànìyàn.

Lẹ́yìn ogun, èrò tuntun dé. Ní 1951, oníṣègùn ọpọlọ John Bowlby kọ ìròyìn kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú èyí tí ó ti ní pé ọmọ kékeré tí wọ́n yà kúrò lára ìyá rẹ̀ lè jìyà rẹ̀ títí ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Àwọn òbí Yorùbá wí pé ìyá pọ̀ fún ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wí pé ìyá kan ni. Ìhà méjèèjì ní òótọ́ tiwọn. Ọmọ lè ní ìyá púpọ̀ bí wọ́n bá jọ wà láyìíká rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà bí ìyá kan bá rọ́pò èkejì, tí ìkejì náà sì tún di àwátì nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sílé.

Òfin 1958 lórí ọmọdé ní kí ẹni tí ó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ fún owó fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí òṣìṣẹ́ lè máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Robert Holman tẹ ìwé rẹ̀ Trading in Children jáde ní 1973, ó fi hàn pé ọmọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí lé lórí, pé àbójútó kò tó, àti pé inú àwọn ilé kan kò yẹ ọmọ. Ojú kan tí ìjọba fi rọ́pò igba ojú kò ríran tó.

Àríyànjiyàn mìíràn wà lórí ẹni tí ó ni ọmọ. Fún òbí Yorùbá, alágbàtọ́ kò lè di olómọ láéláé. Ohun tí ó gbà ni iṣẹ́ títọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbé ọdún mẹ́jọ nínú ilé kan ti di ọmọ ilé náà lójú àwọn tí ó tọ́ ọ. Àwọn alágbàtọ́ kan kọ̀ láti dá ọmọ padà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ gíga, níbi tí adájọ́ ti ní agbára láti fi ọmọ sí abẹ́ ààbò ilé ẹjọ́. Àwọn òbí tí ó wá sí ìlú ọba láti kọ́ òfin bá ara wọn níwájú òfin náà, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tiwọn.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀

Ìtàn tí ó yé àwọn ènìyàn jù lónìí ni ti Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, òṣèré fíìmù. Ọdún 1967 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn òbí Yorùbá tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n fi í fún ìdílé òṣìṣẹ́ òyìnbó kan ní Tilbury, ní Essex, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn ti wà. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ àwọn tí ó ń pè é ní ọmọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀, wọ́n dá a padà sí Tilbury. Níbẹ̀ ni ó ti dàgbà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó kórìíra àwọ̀ rẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn afárí tí ń lu aláwọ̀ dúdú. Ó jà bọ́, ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìran àwọn òbí rẹ̀ sọdá òkun nítorí rẹ̀. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù tí ó pè ní Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 2018.

Kì í ṣe ọmọ gbogbo ni ìyà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan délé ní ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n sọkún fún oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ ẹbí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó dúdú ni wọ́n, kò sì pẹ́ tí ahọ́n wọn fi yí. Àwọn mìíràn kò padà mọ́, nítorí pé ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1967, tàbí nítorí pé owó tán, tàbí nítorí pé ìgbéyàwó àwọn òbí túká. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ìtàn wọn ti pàdé: ọjọ́ tí ìyá àti ọmọ jókòó nínú yàrá kan tí wọn kò ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi bá ara wọn sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá ní àlàyé, Yorùbá ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń bi í.

Ìgúnlẹ̀

Òfin 1989 lórí ọmọdé, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ bá gbà tọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà lábẹ́ àgbàtọ́ àdáni, ìjọba ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Côte d'Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù nípasẹ̀ ìyà tí ìbátan tí àwọn òbí rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́ àti ọkùnrin tí ó ń bá gbé fi jẹ ẹ́. Ẹbí ni ẹni tí ó mú un wá. Ìwádìí tí Lord Laming darí, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2003, fi hàn pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ọmọ náà kọjá níwájú wọn tí wọn kò rí ohun tí ó yẹ kí wọ́n rí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ bá ti ìṣáájú mu. Ìbátan nìkan kò tó, bí ojú mìíràn kò bá sí lára ọmọ.

Ìpolówó inú ìwé ìròyìn ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó bí i kò tíì lọ. Ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston tàbí ní Toronto ṣì ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n ṣì ń ka ìwé, owó ilé ìtọ́jú ọmọ sì ga. Àwọn kan ń gba ìwé ìwọ̀lú fún ìyá àgbà kí ó wá wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Àwọn mìíràn ń fi fóònù pe ilé ní alẹ́, kí ọmọ lè gbọ́ oríkì lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Lójú ẹni tí ó mọ ìtàn ọdún 1955 sí 1975, ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ìyá àgbà bá ń wẹ ọmọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ, èdè rẹ̀ wà létí ọmọ, nígbà kan náà.

Àwọn òbí tí ó gbé ọmọ lọ sí Kent kò ṣe aláìnífẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àgbàtọ́ ni oúnjẹ, ibùsùn àti ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé nílé, ìyókù máa ń wá fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ka èdè mọ́ ohun tí alágbàtọ́ yóò pèsè ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó ń ka atẹ́gùn mọ́ ọn. Ní òkè òkun, ó di ohun tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi lé ọmọ lọ́wọ́, láti ọjọ́ tí ó ti wà nínú ìkókó. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò bá òun tọ́ ọmọ lónìí, yálà ẹbí ni tàbí ẹni tí a ń sanwó fún, ní ìbéèrè méjì tí ó yẹ kí ó fi kún ti owó àti ti àkókò: ta ni yóò máa wo ọmọ yìí nígbà tí òbí kò bá sí nílé, àti pé èdè wo ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?